Iṣẹ́ Tí A Rán Aṣòfin: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Ará Etí Òkun Ìlàjẹ Sọ Kí Ìdìbò Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá síhìn-ín láti gbọ́ orúkọ ẹni tí àwa fẹ́ kí a dìbò fún, ọwọ́ òfo ni yóò fi padà sílé, nítorí kò sí orúkọ kankan ní ẹnu wa. Ìbéèrè kan ni ó wà níbẹ̀: nígbà tí àwọn tí ń du ipò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó bá wá bá wa, kí ni ó yẹ kí a bi wọ́n, báwo sì ni ó ti yẹ kí a pàdé wọn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní àsìkò ìdìbò kan tí ó ti kọjá, àwa kan nínú Ẹgbẹ́ yìí wà ní etí omi nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn òǹdíje wá. Orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni ó bá a wá, ìlù ń dún, wọ́n sì ń pín aṣọ àti ìrẹsì. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun yóò dá òkun dúró, òun yóò sì mú iná mànàmáná dé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó ní kí a béèrè ohun tí ó bá wù wá, ẹni kìn-ín-ní béèrè àwọ̀n, ẹni kejì béèrè ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹni kẹta béèrè owó fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Nígbà náà ni ìyá àgbà kan tí ń yan ẹja dìde ní ẹ̀yìn, ó ní, “Ọmọ mi, ilé ìwé tí a ti máa ń dìbò ti wọ inú òkun. Níbo ni n ó ti dìbò fún ọ?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òǹdíje náà rẹ́rìn-ín, ìlù tún bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ sì lọ. Kò sí ẹni tí ó dá ìyá náà lóhùn. Àwa náà kò dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè rẹ̀ ti há wa ní ọ̀nà ọ̀fun bí eegun ẹja.

Kí a tó lè bi òǹdíje ní ìbéèrè tí ó yẹ, ó di dandan kí a mọ iṣẹ́ tí Ilé náà wà fún. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó fi ìdí Ilé Aṣòfin múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni a sì ń yan àwọn ọmọ ilé. Ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń jókòó ní Àkúrẹ́; ọmọ ilé 26 ni ó wà níbẹ̀, méjì nínú wọn ni ilẹ̀ Ìlàjẹ ń rán lọ, ọ̀kan láti ẹkùn ìdìbò Ìlàjẹ Kìn-ín-ní, ọ̀kan láti Ìlàjẹ Kejì. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe gbígbẹ́ kànga, kì í ṣe rírà àwọ̀n, kì í sì í ṣe sísan owó ìsìnkú. Iṣẹ́ mẹ́ta ni.

Ìkíní ni òfin ṣíṣe. Àbá òfin tí Ilé bá fọwọ́ sí ń lọ sí ọ̀dọ̀ Gómìnà, ó sì ní ọjọ́ 30 láti sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà. Bí kò bá gbà, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé sì tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ọwọ́ Gómìnà níbẹ̀. Ìkejì ni ọ̀ràn owó. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó gbọ́dọ̀ jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé òfin fi àṣẹ sí i; nítorí náà ni a ṣe ń gbé ìṣirò owó ọdún wá sí iwájú Ilé ní ọdọọdún. Ìkẹta ni ìwádìí. Ilé lè pe ẹni tí ó ń ṣe àkóso owó ìpínlẹ̀ kí ó wá jíhìn. Bí ẹni náà bá kọ̀ tí kò wá, Ilé ní agbára láti fi ìwé àṣẹ mú un wá.

Nísinsìnyí, ẹ fi iṣẹ́ mẹ́ta yìí wé ìnira wa. Epo tí a ń wà nínú omi wa ni ó mú kí a ka Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ elépo. Ìwé Òfin sọ pé nínú owó tí irú ọrọ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú wọlé, èyí tí a ó dá padà fún ìpínlẹ̀ tí ó ti jáde kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 13 nínú 100. Owó náà kì í gba ọ̀nà Igbókọ̀dá wá. Àkúrẹ́ ni ó ń dé. Kí apá kan nínú rẹ̀ lè dé etí omi ni a ṣe fi òfin dá àjọ tí gbogbo wa ń pè ní OSOPADEC sílẹ̀ ní ọdún 2001. Ẹ kíyè sí i pé òfin ìpínlẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ ni ó lè fún un ní agbára, òun náà ni ó sì lè gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni méjì tí a rán lọ sí Àkúrẹ́ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sùn, kò sí ìrẹsì tí wọ́n lè pín fún wa tí yóò dí àlàfo náà.

Ẹ tún wo Ayétòrò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọ́n jọ jẹun, inú àpò kan ni gbogbo wọn ń kó owó sí. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì ní iná mànàmáná tiwọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ìlú náà fi ìrètí wọn hàn. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn òkun ti gbé ọ̀pọ̀ nínú ilé wọn àti ilé iṣẹ́ wọn lọ. Àjọ NDDC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, gbé iṣẹ́ ògiri tí yóò dá omi padà fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2004. A tún gbé e fún òmíràn ní ọdún 2009. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ju àwa lọ pé ìgbà méjèèjì náà kò dá ìgbì kan ṣoṣo dúró.

Nítorí náà, òǹdíje Ilé Aṣòfin tí ó bá sọ pé òun yóò dá òkun dúró, ó ń tàn wá ni. Iṣẹ́ náà tóbi ju agbára ọmọ ilé kan lọ, àjọ ìjọba àpapọ̀ sì ni ó ti gbà á sí ọwọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá sọ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe, òun náà ń tàn wá. Ilé Aṣòfin lè fi ohùn kan ké sí ìjọba àpapọ̀. Ó lè fi owó sínú ìṣirò ọdún fún ilẹ̀ tí a ó kó àwọn tí omi lé nílé lọ. Ó lè pe kọmíṣánà tí ọ̀ràn kàn kí ó wá sọ ohun tí ìpínlẹ̀ fi owó tirẹ̀ ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìlérí àti iṣẹ́ nìyí, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kò lè béèrè rẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé Ilé Aṣòfin kò já mọ́ nǹkan, pé ó pẹ́ tí a ti ń rán ènìyàn lọ tí a kò sì rí èrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí ìgbà tí a kò ní i. Ní ọdún 1947, ọdún náà gan-an tí a tẹ Ayétòrò dó, ni Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbò àwọn mẹ̀kúnnù ni ó gbé àwọn ọmọ ilé náà débẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá dúró ní ọdún 1976. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993 ìjọba ológun tú gbogbo Ilé Aṣòfin ká, a kò sì ní òmíràn títí di ọdún 1999.

Ní àárín ọdún wọ̀nyí, ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó ju 100 lọ wọ ọkọ̀, wọ́n sì gbé ẹjọ́ omi tí ó bàjẹ́ àti iṣẹ́ tí kò sí lọ sí orí pèpéle ìwapo Parabe láàrin òkun, tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ Chevron. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà àwọn ológun dé; ènìyàn méjì kú, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Ẹjọ́ náà la òkun kọjá dé ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2008, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ níbẹ̀ dá ilé iṣẹ́ náà láre. A kò fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ní ọdún tí àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí orí òkun, kò sí ẹnì kan ní Àkúrẹ́ tí a fi ọwọ́ ara wa yàn, tí ó sì di dandan fún un láti dìde sọ̀rọ̀ fún wa. Ohùn tí kò rí ilé gbé ni ó lọ sí orí òkun. Lónìí ilé wà. Bí a bá rán odi lọ síbẹ̀, tàbí tí a rán ẹlẹ́nu ṣùgbọ́n tí a kò sọ iṣẹ́ tí yóò jẹ́ fún un, ẹ̀bi ta ni?

Àwọn mìíràn a máa wí pé, “Ọmọ wa ti jẹ Gómìnà.” Òtítọ́ ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni ọmọ Obè-Ńlá, Ọ̀gbẹ́ni Lucky Aiyedatiwa, bọ́ sí ipò náà lẹ́yìn ikú Gómìnà Rotimi Akeredolu, ó sì jáwé olúborí nínú ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2024. Inú ọmọ Ìlàjẹ dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ aṣòfin ni láti bi Gómìnà ní ìbéèrè, ìbáà ṣe ọmọ wa, ìbáà ṣe ọmọ ẹlòmíràn. Gómìnà a máa wá, a sì máa lọ. Ohun tí a bá kọ sínú òfin ni yóò dúró de àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin ará, báwo ni kí a ti pàdé àwọn tí ń du ipò náà? Ìmọ̀ràn Ẹgbẹ́ nìyí.

Èkíní, kí a pe gbogbo wọn sí ojú kan, ní ọjọ́ kan, láìka ẹgbẹ́ òṣèlú sí, kí a sì ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń dá wá, òun nìkan ni ó ń dá ara rẹ̀ láre. Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò wá, kí a fi àga rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a pè é, kò jẹ́.

Èkejì, kí ìpàdé náà má ṣe mọ sí Igbókọ̀dá tí mọ́tò dé. Kí a ṣe òmíràn ní etí omi, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí àwọn òǹdíje náà sì fi ọkọ̀ omi wá bí àwa ti ń fi í lọ. Ẹni tí kò bá mọ bí ó ti pẹ́ tó kí aboyún tó dé ilé ìwòsàn láti Awóyè, báwo ni yóò ti ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ Àkókó tàbí ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Àkúrẹ́?

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú owó tàbí ẹ̀bùn wá, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì ṣe gbà á. Ẹgbẹ́ yóò ra epo ọkọ̀ fún àwọn arúgbó tí ó bá fẹ́ wá. A mọ̀ pé èyí ni yóò le jùlọ. A kò lè fi ẹ̀gàn bá ẹni tí òkun gbé àwọ̀n rẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò: bí a bá fi 5,000 náírà ra ìbò ẹnì kan, ọdún mẹ́rin ni ó tà, èyí tí í ṣe ọjọ́ 1,461. Kò tó náírà mẹ́rin ní ojúmọ́. Ta ni nínú yín tí yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ yá ènìyàn ní náírà mẹ́rin ní ojúmọ́? Lẹ́yìn èyí, òfin ìdìbò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí ó ra ìbò àti fún ẹni tí ó tà á.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi ìbéèrè wa ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a dẹ okùn fún òun. Ìbéèrè mẹ́rin ni a dá lábàá. Kí Ilé tó fọwọ́ sí ìṣirò owó ọdún, ṣé ìwọ yóò mú un wá kà fún wa ní etí omi, kí o sì fi ìlà tí ó kàn wá hàn wá? Iṣẹ́ wo tí ìpínlẹ̀ ti san owó rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni ìwọ yóò kọ́kọ́ béèrè ìwádìí lé lórí? Nígbà mélòó lọ́dún, àti ní ìlú wo, ni ìwọ yóò padà wá jíhìn fún wa, nígbà tí Ìwé Òfin sọ pé Ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ tí kò dín ní 181 lọ́dún, tí àyè sì wà nínú ọjọ́ yòókù?

Ìbéèrè kẹrin ni a kà sí pàtàkì jùlọ: ta ni ìwọ yóò bá ṣe pọ̀? Àwa ní méjì nínú 26. Bí gbogbo ilé bá pé, 14 ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àbá kan kí ó tó borí. Bí Gómìnà bá kọ̀ ọ́, 18. Gbogbo ẹkùn gúúsù, èyí ni Ìlàjẹ méjì, Òkìtìpupa méjì, Odígbó méjì, Ẹsẹ̀-Odò ọ̀kan, Ìrèlè ọ̀kan, àti Ilé-Olújìí pẹ̀lú Òkè-Igbó ọ̀kan, kò ju mẹ́sàn-án lọ. Bí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá tilẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan, ó ku márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ìbò wa nípa bíbú àwọn aládùúgbò wa ní Àpọ́ì àti Àrògbò, tàbí nípa dídá ìjà sílẹ̀ láàrin Mahin àti Ùgbò, kí a mọ̀ dájú pé kò ní rí ẹni bá ṣe pọ̀ ní Àkúrẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ẹ̀karùn-ún, kí a kọ gbogbo ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní èdè wa, kí a kà á sí etí wọn, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí tirẹ̀. Kí ìwé kan wà lọ́wọ́ Ẹgbẹ́, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ Baálẹ̀, kí ọ̀kan wà ní ilé ìjọsìn. Ní ọdọọdún kí a máa kà á ní gbangba. Ìwé náà kì í ṣe ìdè tí ilé ẹjọ́ lè fi mú ènìyàn, a kò sì tan ara wa. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin fún wa ní agbára kan: bí àwọn tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ẹkùn kan bá fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú aṣòfin wọn mọ́, Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, yóò pe àwọn ènìyàn jáde láàrin ọjọ́ 90 kí wọ́n fi ìbò sọ bóyá kí ó máa bọ̀ wá ilé. Agbára náà wúwo, kò sì yẹ kí a fi ṣeré. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé a tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu òun yóò ṣọ́ra.

Ohun kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti du ipò yìí láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan fà á kalẹ̀. Bí a bá dúró títí àwọn ẹgbẹ́ fi yan ẹni tí ó wù wọ́n, a ti pẹ́. Ẹja ti bọ́ sínú agbọ̀n ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ mú ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí lọ sí ìpàdé tí a ó ti fa ènìyàn kalẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú, láti ọdún 2018 ọmọ ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ 30 tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kí a máa lò yín fún ìlù lílù nìkan.

Ní ìparí, a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá tí ń yan ẹja. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju báyìí lọ: ẹni tí ibùdó ìdìbò rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí tí omi ti lé kúrò nílé, lè tọ INEC lọ kí a gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibi tí ó ń gbé nísinsìnyí, bí ó bá ṣe é kí ọjọ́ tí a dá tó kọjá. Ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gba òǹdíje náà láti sọ ọ́, ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gba àwa náà, a sì dákẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ yóò máa wọ ọkọ̀ lọ láti abúlé dé abúlé, wọn yóò máa kọ orúkọ gbogbo àwọn tí òkun ti gbé ibùdó ìdìbò wọn lọ, a ó sì mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì INEC ní Igbókọ̀dá. Gbogbo òǹdíje ni a ó bẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú wa. Èyí tí ó bá kọ̀, a ó sọ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, tí ẹ sì lè yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró lẹ́yìn ìpàdé kí a kọ orúkọ yín. Ilé ìyá náà ni a ó kọ́kọ́ dé. Kí Ọlọ́run mú olúkúlùkù gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.